Tépù télọ̀ àti ìlú ahun: bí wọ́n ṣe ń fi ṣépù ìkarahun mọ ibi tí ahun ti wá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́sí. Ahun ńlá kan ló wà nínú ẹ̀, èèyàn mẹ́rin yí i ká, ọ̀kan ń na tépù sẹ́yìn ẹ̀, ọ̀kan ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé, àwọn méjì tó kù dì í mú kó má sá, bíi pé ahun lè sá dé ibì kankan. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Àǹtí, ṣé wọ́n fẹ́ rán dàńṣíkí fún un ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní rárá o, wọ́n fẹ́ mọ erékùṣù tó ti wá ni. Ó ní irọ́ ni, tépù wo ló mọ ìlú ẹni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lórí fóònù, dátà mi tán, kò tíì yé e, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó dá mi lójú pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń rú lójú.

Galápagos ni wọ́n ti ká fídíò yẹn. Àwọn erékùṣù kan ni, ti orílẹ̀-èdè Ecuador, wọ́n wà nínú òkun Pàsífíìkì, nǹkan bíi 1,000 kìlómítà sí ilẹ̀ Ecuador gan-an. Ahun ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ahun tá a máa ń rí nínú igbó wa o. Tiwa, ọwọ́ kan lẹ ó fi gbé e. Tibẹ̀, akọ tó bá dàgbà dáadáa lè wúwo ju 200 kílò lọ, ẹ ro àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin pa pọ̀. Láyé àtijọ́ ni àwọn baba ńlá wọn léfòó lórí omi láti Gúúsù Amẹ́ríkà débẹ̀, wọ́n wá tàn ká láti erékùṣù kan sí òmíràn, ìyẹn ò sì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Èyí tó bá ti gúnlẹ̀ síbì kan, ibẹ̀ ló ń bímọ sí, ibẹ̀ ló ń kú sí, àwọn ọmọ àtọmọdọ́mọ ẹ̀ á wá máa gba ìrísí ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bíi 15 irú ni wọ́n kà, mélòó kan ti parẹ́ pátápátá. Erékùṣù Isabela nìkan ní márùn-ún, òkè oníná márùn-ún, ahun márùn-ún, kálukú lórí òkè tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ojú lè dá wọn mọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1835 tí Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ Beagle débẹ̀, Nicholas Lawson tó jẹ́ igbákejì gómìnà níbẹ̀ sọ fún un pé ahun erékùṣù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, pé tí wọ́n bá gbé ahun kan wá síwájú òun, òun á sọ erékùṣù tí wọ́n ti gbé e wá. Darwin ò kọbi ara sí i nígbà yẹn, òun fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tó yá. Ahun tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n pa á jẹ lójú ọ̀nà ni, wọ́n ju ìkarahun sómi. Gbogbo ẹ̀rí bá lọ sísàlẹ̀ òkun. Mi ò lè bá wọn jà ṣá, ebi ò mọ sáyẹ́ǹsì.

Kí wá ni Lawson ń wò? Ẹ jẹ́ ká mú àwọn méjì tó jìnnà síra jù. Àwọn kan wà tí ìkarahun wọn rí bí igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ó yí po, iwájú ẹ̀ wálẹ̀ bo ọrùn. Ẹ máa rí irú wọn ní Santa Cruz àti lórí òkè Alcedo ní Isabela, níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa tí koríko sì wà nílẹ̀ bẹẹrẹ. Àwọn kejì, iwájú ìkarahun wọn ká sókè bíi gàárì ẹṣin, ọrùn wọn gùn, ẹsẹ̀ wọn gùn, wọn ò sì tóbi tó àwọn oní-igbá. Española, Pinzón, Pinta, ibẹ̀ ni tiwọn, àwọn erékùṣù tó gbẹ táútáú, tí oúnjẹ ò sí nílẹ̀, tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n na ọrùn sókè kí wọ́n tó rí káktọ́ọ̀sì já jẹ (igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, ẹ ro ọrọ́). Àwọn onímọ̀ míì ní ìjà náà wà níbẹ̀, torí tí akọ méjì bá kojú ara wọn, èyí tó bá gbórí sókè jù ló ń borí, èkejì á fà sẹ́yìn. Lọ́dún 2017 àwọn kan tún ṣe ìṣirò, wọ́n ní ahun oní-gàárì nílò agbára púpọ̀ ju oní-igbá lọ láti dìde tó bá ṣubú tó fẹ̀yìn lélẹ̀, torí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọrùn gígùn yẹn ló fi ń ti ara ẹ̀ dìde. Èmi ò rò pé ọ̀kan ṣoṣo ló máa jẹ́ nínú gbogbo ẹ̀.

Àwọn tó wà láàárín, tí wọn ò jọ igbá tí wọn ò jọ gàárì, àwọn yẹn ló ń fún èèyàn ní wàhálà, torí wọ́n pọ̀.

Ẹ ro ilà ojú. Láyé àwọn bàbá wa, wọ́n á wo ojú èèyàn lọ́jà wọ́n á ní ará ibí ni, ará ọ̀hún ni, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á sì gbà á. Àmọ́ ẹlòmíì wà tí pélé kàn wù ló jẹ́ kó kọ ọ́, ẹlòmíì wà tí bàbá ẹ̀ ti ṣí kúrò nílùú láti ìgbà ogun tí wọn ò sì padà síbẹ̀ mọ́, ilà ìlú yẹn ṣì wà lójú ẹ̀. Ìkarahun ahun náà nìyẹn. Ó ń sọ nǹkan kan fún yín, àmọ́ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Ó dáa, ká wá sórí tépù. Ibi tó kọ́kọ́ ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni pé sáìsì àti ṣépù kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹ bi télọ̀ yín. Bọ̀dá tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ní ṣépù kan náà, ọ̀kan kàn tóbi ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rẹ́ méjì lè ga bákan náà kí ṣòkòtò ọ̀kan má gba èkejì rárá. Tẹ́ ẹ bá kàn wọn gígùn ahun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ní 80 sẹ̀ǹtímítà, ọjọ́ orí ẹ̀ àti oúnjẹ tó jẹ lẹ wọ̀n yẹn, ẹ ò tíì wọn ìlú ẹ̀. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ìlú ni ìfiwéra: báwo ni ẹnu iwájú ìkarahun yẹn, níbi tí ọrùn ń gbà jáde, ṣe ga tó tẹ́ ẹ bá fi wé gígùn gbogbo ara ẹ̀? Ká sọ pé ahun méjì ni, ẹnu iwájú àwọn méjèèjì ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ ọ̀kan gùn ní 100, èkejì gùn ní 70. Nọ́ńbà 30 yẹn dọ́gba, síbẹ̀ ti àkọ́kọ́ ò tó ìdá mẹ́ta gígùn ẹ̀, ti èkejì sún mọ́ ìdajì. Èkejì yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí pé oní-gàárì ni.

Ẹ̀ẹ́ wá rí i pé gígùn gan-an, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n, èyí sì ti da ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ rú. Wọ́n lè na tépù gba orí ìkarahun kọjá, kó tẹ̀ lé bó ṣe yọ gọ̀ngọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n sì lè lo irin ọlọ́wọ́ méjì kan, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, kí wọ́n wọn bó ṣe gùn tààrà bí ọ̀kọ̀ tí wọ́n gún gba inú ẹ̀. Ahun oní-igbá, nítorí ẹ̀yìn ẹ̀ ga, nọ́ńbà tépù á pọ̀ gan-an ju nọ́ńbà irin lọ. Tí ẹnì kan bá wá fi tépù wọn tiẹ̀, tí ẹnì kejì fi irin wọn tiẹ̀, tí wọ́n wá kó nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan láìsọ fúnra wọn, ẹ ti mọ irú èsì tó máa jáde. Tẹ́ ẹ bá rí "gígùn ahun" níbì kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé èwo?

Lóde òní wọn ò gbára lé tépù nìkan mọ́. Ẹ rántí ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa, pé Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo jábọ́ láti òkè, ìkarahun ẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́, wọ́n wá tò ó pọ̀ padà, pé ojú ìsopọ̀ yẹn ló ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ títí dòní? Ojú ìsopọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń lò. Lórí ìkarahun ahun, awẹ́ ńlá 13 ló wà, márùn-ún tò láàárín, mẹ́rin mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn kéékèèké wá yí etí ẹ̀ ká. Gbogbo ibi tí awẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ti pàdé, ahun kọ̀ọ̀kan ló ní in, ibì kan náà ló sì ń wà lára gbogbo wọn, torí náà èèyàn lè sàmì síbẹ̀ lára ahun yìí kó tún sàmì síbẹ̀ lára tọ̀hún. Wọ́n á ya fọ́tò láti igun oríṣiríṣi, wọ́n á sàmì sí àwọn ojú ìsopọ̀ náà, wọ́n á kó o fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á wá dín gbogbo wọn kù sí sáìsì kan náà, á gbé ọ̀kan lé èkejì, á yí wọn kí gbogbo wọn kọjú síbì kan. Bíi kéèyàn kó fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ogún èèyàn jọ, kó jẹ́ kí orí gbogbo wọn tóbi bákan náà, kó fi imú lé imú, kó wá wò ó: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ta ló yọ síta? Iwájú orí ta ló ga? Ohun tó bá ṣẹ́kù tí kò bára mu, ìyẹn ni ṣépù.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ahun kọ̀ọ̀kan á di àmì kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà, àwọn tó jọra á kóra jọ sápá kan bí ará ilé kan náà níbi ìnáwó, àwọn tí kò jọra á jìnnà síra. Tẹ́ ẹ bá wá ní ahun tẹ́ ò mọ ilé ẹ̀, ẹ wo agbo tó bọ́ sí. Ẹ fara balẹ̀ níbí o, torí ibí ni ìwé ìròyìn ti máa ń bà á jẹ́. Kọ̀ǹpútà ò sọ pé "ará Pinzón ni ahun yìí". Ohun tó sọ ni pé nínú àwọn tẹ́ ẹ kó fún òun, àwọn ará Pinzón ló jọ jù. Tí kò bá sí ahun Floreana (erékùṣù míì níbẹ̀) kankan nínú àwọn tẹ́ ẹ kó fún un, kò lè dá ará Floreana mọ̀ láéláé, á kàn nawọ́ sí ẹni tó fẹ́ jọ ọ́ níbẹ̀, kò sì ní sọ fún yín pé òun ò mọ̀.

Àwọn nǹkan míì náà máa ń tan tépù. Akọ máa ń tóbi ju abo lọ, gàárì akọ sì máa ń hàn ju ti abo, torí náà tẹ́ ẹ bá fi abo erékùṣù kan wé akọ erékùṣù míì, akọ àtabo lẹ̀ ń yà sọ́tọ̀ yẹn. Ahun tí wọ́n tọ́ nínú ọgbà, tí ibẹ̀ gbẹ jù tàbí tí oúnjẹ ẹ̀ ò dáa nígbà tó wà lọ́mọdé, awẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ á yọ sókè ní ṣóńṣó ṣóńṣó bíi òkìtì ọ̀gán, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní irú ọ̀tọ̀ ni. Ti ọmọdé ló wá burú jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ní pápákọ̀ òfurufú Baltra ní Galápagos, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò rí nǹkan kan nínú súùtkéèsì, wọ́n ṣí i, ọmọ ahun 185 ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá wé wọn, àwọn kan ti kú. Níwájú irú àwọn yẹn, tépù ò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ ahun tuntun, gbogbo wọn ló rí roboto bákan náà, gàárì ò tíì yọ, ó sì máa gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọ.

Àmọ́ èyí tó ń ṣe èmi ní kàyéfì jù ni pé ahun méjì lè jọra bí ìbejì kí wọ́n má jẹ́ ẹbí. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ń bí gàárì, ilẹ̀ gbígbẹ ò sì sí níbì kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ ìtàn George, tí gbogbo ayé ń pè ní Lonesome George. Ọdún 1971 ni wọ́n rí i ní Pinta, nígbà tí wọ́n ti gbà pé ahun Pinta ti tán. Wọ́n gbé e lọ sí Santa Cruz, wọ́n wá ìyàwó fún un. Láti òkè Wolf ní Isabela ni wọ́n ti mú àwọn abo náà wá, wọ́n fẹ́ jọ ọ́, òkè yẹn sì sún mọ́ Pinta, kí ni èèyàn tún fẹ́? George ò dá wọn lóhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1999 ni àyẹ̀wò DNA wá sọ pé àwọn ìbátan ẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù wà ní Española àti San Cristóbal, lápá òdìkejì pátápátá. Àwọn abo òkè Wolf yẹn yé ẹyin ní 2008 àti 2009, ọ̀kan ò pa. Ìgbà tó di 2011 ni wọ́n tó mú abo Española wá fún un. Oṣù kẹfà ọdún 2012, George kú. Mi ò ní kẹ́nì kankan gba ẹ̀bi, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, àmọ́ ojú ló gbé wọn lọ sílé àna tí kò yẹ.

Kẹ́ ẹ má wá rò pé mò ń bu tépù kù. Ní Santa Cruz kan náà, agbo ahun méjì ló wà, ọ̀kan lápá ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan lápá ìlà oòrùn níbi tí wọ́n ń pè ní Cerro Fatal. Àwọn méjèèjì jẹ́ oní-igbá, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kà wọ́n sí ọ̀kan náà. DNA ló kọ́kọ́ ní wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Nígbà tí wọ́n wá padà lọ fi kọ̀ǹpútà wọn ṣépù ìkarahun wọn, tí ìwé ẹ̀ jáde ní 2009, ìyàtọ̀ tí ojú ò rí ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Lọ́dún 2015 ni wọ́n sọ ti Cerro Fatal lórúkọ tuntun, donfaustoi, wọ́n fi yẹ́ Fausto Llerena sí, òṣìṣẹ́ ọgbà ahun ibẹ̀ tó tọ́jú ahun fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì tọ́jú George.

Ibi tí ṣépù ti wá wúlò jù lójú tèmi ni òkè Wolf yẹn náà. Láyé àwọn ọkọ̀ tó ń pa àbùùbùtán, wọ́n máa ń kó ahun sínú ọkọ̀ bí oúnjẹ, torí ahun lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ láìmu, fíríìjì alààyè ni. Tí ọkọ̀ bá wúwo jù, wọ́n á jù díẹ̀ sílẹ̀, etíkun tó wà nísàlẹ̀ òkè Wolf sì ni wọ́n ju ọ̀pọ̀ sí. Ahun Floreana tán ní Floreana ní nǹkan bí 1850. Àmọ́ ní òkè Wolf, àwọn ahun kan wà tí ìrísí wọn ò bá ti ará ilé mu, gàárì wọn ń pariwo. Lọ́dún 2008 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ahun tó lé ní 1,600 níbẹ̀, ìgbà tó di 2012 wọ́n kéde pé nínú wọn, 84 ni ọ̀kan nínú òbí wọn jẹ́ ògidì ará Floreana. Àwọn àgbà ní bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá, òun náà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní 2015, gàárì ni wọ́n ń fojú wá, èyí tí ìkarahun ẹ̀ bá ká sókè ni wọ́n ń gbé. Wọ́n fi hẹlikọ́pítà gbé 32 lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kó wọn lọ sí Santa Cruz, ẹ̀jẹ̀ ló wá ṣèdájọ́ èyí tí wọ́n máa jẹ́ kó bímọ. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe tò ó: ojú lókè, ẹ̀jẹ̀ nílé. Ta ló fẹ́ fi hẹlikọ́pítà gbé ẹgbẹ̀rún ahun kó tó mọ èyí tó ń wá?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n dáhùn ti Fernanda, abo ahun kan tí wọ́n rí ní erékùṣù Fernandina, torí òun ló rí nínú ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Erékùṣù Fernandina, òkè oníná ni gbogbo ẹ̀, ahun kan ṣoṣo ni wọ́n rí níbẹ̀ látijọ́, akọ kan ní 1906, wọ́n pa á, wọ́n gbé e lọ sí mùsíọ́mù California Academy of Sciences ní San Francisco. Ìkarahun akọ yẹn ká sókè lọ́nà tó yani lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní phantasticus. Ó di oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n rí abo kan láàárín ewéko kékeré tí àpáta iná yí ká. Ó kéré, ó ti dàgbà, wọ́n ní ó ju àádọ́ta ọdún lọ, gàárì ẹ̀ ò sì hàn bíi ti akọ yẹn rárá. Àwọn kan bá ní bóyá wọ́n gbé e débẹ̀ láti erékùṣù míì ni. Tẹ́ ẹ bá fi tépù nìkan ṣe é, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ní láti fi wé e: akọ, òun abo. Ọ̀kan ṣoṣo, tẹ́ ò lè mọ̀ bóyá gbogbo ará ibẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ àbí òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Òun Fernanda, ebi ò jẹ́ kó tóbi, ara tí kò dàgbà tó bó ṣe yẹ á yí ṣépù padà. Lọ́dún 2021 wọ́n kéde èsì DNA, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ Fernanda wé ti akọ 1906 yẹn: ẹbí kan náà ni wọ́n, wọ́n sì yàtọ̀ sí gbogbo àwọn ahun yòókù ní Galápagos.

Santa Cruz ni Fernanda wà báyìí. Wọ́n ti padà lọ sí Fernandina láti wá akọ fún un, wọ́n tiẹ̀ rí ipa ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́ nígbà tí wọ́n rí òun alára. Tí wọ́n bá wá rí ọkọ ọ̀hún lọ́jọ́ kan, wọ́n á na tépù sẹ́yìn ẹ̀ dandan, ìwé tí wọ́n máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí á sì ní ahun mẹ́ta péré nínú.